Ooru, gbòǹgbò àti wáyà iná: ṣé ká gbin igi sí òpópónà wa l'Adó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní òpópónà wa l'Adó-Èkìtì, lápá Adébáyọ̀. Ooru tó mú wa lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá pọ̀ ju ohun tí a lè sọ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní ká gbin ọgọ́ta igi masquerade sí ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì torí pé ó rẹwà. Àwọn àgbà kan ní rárá: gbòǹgbò á fọ́ fẹ́ǹsì, ewé á dí gọ́tà, ejò á máa wọlé, ìjì á wó igi lu wáyà iná tó gba ẹ̀gbẹ́ kan títì náà kọjá. Bàbá kan tiẹ̀ fẹ́ ká gé igi ọ̀dán ńlá tó wà níkòríta wa. Ṣé èrè igi gbígbìn nínú ìlú tó wàhálà rẹ̀? Irú igi wo ni ká gbìn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lóye ká tó ṣe ìpàdé tó ń bọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àdúgbò, ẹ̀yin akọ̀wé wa. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà yín àti àwọn ọ̀dọ́ yín, torí kò sí ìhà tó sọ̀rọ̀ àìmọ̀ nínú méjèèjì.

Ẹ gbin igi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbin ọgọ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má fi masquerade nìkan ṣe é, ẹ má sì gbin irú igi kan náà sí ẹ̀gbẹ́ tí wáyà wà àti ẹ̀gbẹ́ tí kò sí wáyà. Gbogbo ohun tí àwọn àgbà kà sílẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo ti rí i l'Adó, mo ti rí i n'Ìkẹ́rẹ́. Níbi tí mo ti rí i, ẹni tó gbin igi ńlá sí àyè kékeré ló fà á, tàbí ẹni tó gbin igi tán, tó ya fọ́tò, tí kò padà débẹ̀ mọ́. Gbígbẹ́ ihò àti fífi ọmọ igi sínú rẹ̀ ni apá tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an, òun ni mo sì fẹ́ kí ìpàdé yín jókòó lé lórí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ooru, torí òun ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. Láti 1996 tí Adó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni ilé, páànù, kọnkéré àti títì ọlọ́dà ti ń gba ibi tí igbó àti oko wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà àti kọnkéré a máa mu oòrùn lọ́sàn-án, wọ́n á wá máa tú ooru náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Ìdí nìyẹn tí ògiri yàrá fi ṣì ń gbóná nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, tí ìta sì ti tutù. Igi ń ṣe iṣẹ́ méjì sí èyí. Ìbòji rẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ àti ògiri gba ooru náà rárá: ibi tí ìbòji igi bò lè fi ìwọ̀n 11 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù ju ibi tí oòrùn ń pa tààrà lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ tún ń fa omi láti inú ilẹ̀, omi náà ń jáde lójú ewé, ó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ó sì ń gbé ooru lọ, bí òógùn ṣe ń tu ara wa nínú. Níbi tí igi bá pọ̀, èyí lè dín ooru afẹ́fẹ́ kù ní ìwọ̀n 1 sí 5. Ẹni tó bá mọ bí òru Màṣì ṣe rí nínú yàrá kékeré tí iná ò sí mọ ohun tí ìwọ̀n mẹ́ta péré lè ṣe fún ọmọ ọwọ́.

Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní 2023 yẹ ìlú 93 wò ní Yúróòpù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ká ní igi bo ìdá 30 nínú ìdá 100 ilẹ̀ àwọn ìlú náà nígbà ooru ọdún 2015, ènìyàn 2,644 tí ooru ìlú pa ni kì bá tí kú. A kò lè gbé iye yẹn wá sí Èkìtì, torí ojú ọjọ́ wa àti ilé wa kò jọ tiwọn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín mọ́ pé ẹwà lásán ni igi wà fún.

Bó bá jẹ́ ooru lẹ ń sá fún, àsìkò tí igi ń wọ́wé ṣe pàtàkì ju bó ṣe rẹwà tó lọ. Tíìkì dára fún pákó, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ewé rẹ̀ ń tán lórí, nígbà tí ẹ nílò ìbòji jù. Masquerade kì í wọ́wé tán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín láti òkè délẹ̀; ìbòji rẹ̀ kò lè bo ẹni méjì tó jókòó. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ yín fẹ́ràn rẹ̀, ó sì wúlò níbi tóóró tí igi mìíràn kò lè wọ̀. Ẹ lè gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ooru ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ ná gbogbo owó rẹ̀ sórí igi tí kò ní ìbòji.

Ìhà tí igi wà sí ilé náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Lọ́dọ̀ wa níbí, oòrùn máa ń tẹ̀ sí gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó sì ń gbóná wọnú yàrá jù ni ti aago mẹ́ta ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ìwọ̀-oòrùn ilé, tàbí gúúsù ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ni igi ti wúlò jù. Ẹ wá fi ìjì kún un. Ìjì tó ń ṣáájú òjò Màṣì àti Épírì, èyí tó ń ṣí páànù wa, sábà máa ń ti ìlà-oòrùn fẹ́ wá. Igi ńlá tó bá wà ní ìlà-oòrùn ilé, orí ilé yẹn ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ máa tì í sí. Èyí tó bá wà ní ìwọ̀-oòrùn, yóò wó kúrò lára ilé náà, kí ẹ ṣáà ti rí i pé ilé aládùúgbò kò sí níbi tó máa bọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń fún yín ní ìbòji tó sì ń dín ewu kù, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ń gbin igi sílé kì í sábà bèèrè ibi tí ìjì ti ń wá.

Omi ló tẹ̀ lé ooru. Àárín òkè ni Adó wà. Òjò tó bá rọ̀ sórí Òkè Ayọ̀bá kò ní pẹ́ dé ìsàlẹ̀, bó bá sì jẹ́ páànù àti kọnkéré ló bá lójú ọ̀nà, kò sí ohun tó ń dá ìyára rẹ̀ dúró kó tó dé odò Àjílósùn tàbí Ùrèjé, pẹ̀lú gbogbo iyẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí tó ti kó. Ewé igi ń gba òjò náà, ó ń jẹ́ kó máa kán díẹ̀díẹ̀. Gbòǹgbò ń ṣí ilẹ̀ kí omi lè wọ̀ ọ́, ó sì ń di iyẹ̀pẹ̀ mú. Igi kò lè gba àdúgbò lọ́wọ́ omíyalé bí gọ́tà bá dí, ẹ má ṣèlérí ìyẹn fún ẹnikẹ́ni nínú ìpàdé. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pípa igi tó wà níbẹ̀ run jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Freetown ní Sierra Leone jẹ́ ìlú olókè bíi tiwa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògọ́ọ̀sì 2017, lẹ́yìn òjò líle, ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ láti kọ́lé ya bo àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀. Àwọn tó kú àtàwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000.

Ó wá kan ẹ̀rù àwọn àgbà, ti gbòǹgbò ló sì tóbi jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí igi ṣe ga tó lókè ni gbòǹgbò rẹ̀ jìn tó nísàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò igi wà láàárín 60 sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́ nínú ilẹ̀, ó sì ń tàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí ẹ̀ka dé, nígbà mìíràn ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ àti omi ló ń wá kiri. Páìpù tó dá ṣáṣá kì í ní wàhálà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń jò, gbòǹgbò á rí ojú ibẹ̀, á wọlé, á sì sanra nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sókáwéè tó ti sán. Fẹ́ǹsì tí wọ́n kọ́ láì gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa ni gbòǹgbò máa ń gbé sókè. Púpọ̀ nínú fẹ́ǹsì wa sì rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún àwọn onílé ni pé kí igi tó máa di ńlá jìnnà sí ilé àti sókáwéè tó mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí èyí tó mọ níwọ̀n jìnnà tó mítà márùn-ún, kí kékeré jìnnà tó mítà méjì sí mẹ́ta. Bí títì yín kò bá ní àyè mítà mẹ́jọ níbì kankan, ẹ má gbin igi ńlá. Ó tán síbẹ̀.

Ti Èkìtì tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ibi púpọ̀ l'Adó, ilẹ̀ kò jìn rárá kí dígà tó kan òkúta. Igi tó bá dàgbà sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò rí ibi di mú, òun ni ìjì máa ń fà tu tìdí-tìdí. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ọmọ igi kankan, ẹ gbẹ́ ihò ìdánwò tó jìn tó mítà kan síbi kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti sàmì sí. Níbi tí òkúta bá ti tètè pàdé yín, igi kékeré ni kó lọ síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún òdòdó.

Ti wáyà kò ní àríyànjiyàn. Lábẹ́ wáyà, ẹ má gbin ohunkóhun tó lè ga ju mítà márùn-ún lọ. Mo ti rí àìmọye mángòrò tí wọ́n gbìn sábẹ́ wáyà, tí wọ́n ń bẹ́ lórí lọ́dọọdún títí ara rẹ̀ fi rà. Gúáfà, ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ lè wà níbẹ̀ bí ẹ bá ń rẹ́ ẹ̀ka wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ àdúgbò kankan gun igi tí ẹ̀ka rẹ̀ kan wáyà, iná wà o, iná ò sí o. Àwọn òṣìṣẹ́ iná ló yẹ kẹ́ ẹ pè.

Ewé á dí gọ́tà bí ẹ ò bá gbá a. Ẹ fi kún iṣẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó yín, kẹ́ ẹ sì kó ewé náà sídìí igi dípò kẹ́ ẹ dáná sun ún. Ní ti ejò, ibi tí eku àti pàǹtí wà ló ń lọ. Bí abẹ́ igi bá mọ́, tí ẹ̀ka kò sì kan òrùlé, ẹ̀rù rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò bí igi ṣe ń dàgbà, kí ojú lè ríran kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí olè má bàa fi ṣe àkàbà.

Àǹfààní kan wà tí ẹnu máa ń pọ̀ lé lórí ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ni pé igi á fọ èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ọkọ̀ kúrò. Ewé ń gba eruku dúró, pàápàá nígbà ọyẹ́, òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní títì tóóró tí ilé ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bí ẹ̀ka bá pàdé lókè, ṣe ló máa sé èéfín mọ́lẹ̀. Nítorí náà ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín igi kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà.

Irú igi wo wá ni? Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún títì bíi tiyín ni akòko. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ni a fi ń joyè. Ewé rẹ̀ tutù yípo ọdún, kì í fẹ̀ jù, ó ń hù láti ara ẹ̀ka tí a gé rì mọ́lẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó ń ya mí lẹ́nu pé a mọyì rẹ̀ nígbà oyè, a kì í sì í rántí rẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́. Níbi tí àyè bá ti gbà, iṣin ní ìbòji tó dí, kì í sì í wọ́wé. Àmọ́ èso rẹ̀ tí kò tíì là fúnra rẹ̀ ní májèlé, nítorí náà ẹ má gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi. Àgbálùmọ̀ kì í tètè dàgbà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín á jókòó lábẹ́ rẹ̀, á sì máa so fún wọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Dóńgóyárò fara da ọ̀dá, ó sì yára. Igi furúùtù tí ewé rẹ̀ gbòòrò ní ìbòji dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ fún pápá iléèwé àti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, torí ewé ńlá rẹ̀ kan náà ló ń dí gọ́tà. Pánṣẹ́kẹ́ olódòdó pupa rẹwà púpọ̀, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lókè ilẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń ya nínú ìjì. Ìrókò àti àràbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú igbó tàbí ibi gbalasa. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rù tí àwọn àgbà ń bà nìkan, títóbi wọn kọjá òpópónà.

Ẹ da irú igi pọ̀. Ní 1990, Frank Santamour, ọ̀mọ̀wé igi kan ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí irú igi kan ṣoṣo má ju ìdá 10 nínú ìdá 100 igi ìlú lọ. Ó rí ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ìlú Ọba, àrùn kan ṣoṣo ti pa igi elm tó ju mílíọ̀nù 25 lọ láti ìparí àwọn ọdún 1960, torí igi yẹn pọ̀ lójú kan ju bó ṣe yẹ lọ. Òpópónà kan kò lè tẹ̀ lé òfin náà tán, ṣùgbọ́n irú mẹ́rin tàbí márùn-ún kò pọ̀ jù fún yín.

Iye tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni méjìlá. Kí igi kọ̀ọ̀kan ní onílé kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́, tó máa dáhùn fún un. Freetown tí mo dárúkọ bẹ̀rẹ̀ ètò gbígbin mílíọ̀nù kan igi ní 2020, ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ níbẹ̀ ni pé wọ́n ń sanwó fún àwọn ará àdúgbò láti tọ́jú igi lẹ́yìn gbígbìn, tí wọ́n sì ń fi fóònù ya àwòrán igi kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Bí owó bá wà lápò ẹgbẹ́ yín, ẹ yọ nínú rẹ̀ fún ẹni tó máa pọnmi. Owó ọmọ igi kéré sí owó omi.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú bóyá wọ́n fẹ́ fẹ títì yín, kẹ́ ẹ má bàa tọ́ igi fún katakátá. Ẹ gbìn ín ní Júùnù, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí gbòǹgbò rí oṣù mélòó kan kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Kí ihò fẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta náílọ́ọ̀nù tí ọmọ igi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ. Ẹ ya náílọ́ọ̀nù náà kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ sì tú gbòǹgbò tó ti ń ká mọ́ra wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fún ara rẹ̀ lọ́rùn bó ṣe ń dàgbà. Ibi tí ara igi ti pàdé gbòǹgbò gbọ́dọ̀ wà lójú ilẹ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ yí i ká, kó má kan ara igi. Ẹ fi ọparun ṣọgbà fún un, torí ewúrẹ́ kì í dúró dìpàdé. Ẹ má da kọnkéré tàbí íńtálọ́ọ̀kì dé ìdí rẹ̀. Ẹ fi mítà kan sílẹ̀ yípo.

Láti Nòfẹ́ḿbà títí òjò á fi padà dé, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan lọ́sẹ̀ fún igi kọ̀ọ̀kan, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé kànga máa ń gbẹ lákòókò yẹn. Omi tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí aṣọ ṣe é lò, bí kò bá ti ní oògùn tó ń mú aṣọ funfun nínú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú igi tí a ń gbìn nílùú. Bí méjìlá bá yè, ẹ fi méjìlá mìíràn kún un.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dán tó wà níkòríta ló kù. Ẹ bá mi bẹ bàbá yẹn. Ìbòji tí igi yẹn ń fún yín lónìí, gbogbo ọmọ igi tí ẹ fẹ́ gbìn kò ní fún yín ní irú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ bá gé e, kò sí èyí tí ẹ máa fi dípò rẹ̀ nígbà ayé bàbá náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ tọ́, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹ yẹ igi náà wò pọ̀. Ẹ wò ó bóyá olú ń hù nídìí rẹ̀, bóyá ilẹ̀ ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀, bóyá ara rẹ̀ ní ihò ńlá, bóyá ẹ̀ka gbígbẹ wà lórí títì. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ nìkan ni, ẹ gbé ẹni tó mọ iṣẹ́ wá kó gé wọn létí ibi tí wọ́n ti yọ, kó má bẹ́ igi náà lórí. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì yòókù, ẹ pe àwọn elétò igbó ìpínlẹ̀ tàbí àwọn olùkọ́ nípa igbó ní yunifásítì wa kí wọ́n wá wò ó kí ìjì Màṣì tó dé. Ohun tí wọ́n bá rí nídìí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi pinnu.